Bí Dìsáínà, Nọ́ọ̀sì, Onímọ̀ Èdè àti Òǹtẹ̀wé Ṣe Lè Jọ Ṣe Pósítà Ìlera Kan

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ pósítà kan wá fún dìsáínà, tí pósítà náà yóò sì wà lára ògiri ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé láti máa kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè po omi iyọ̀ òun ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú, iṣẹ́ náà ti kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí kò ní pa ọmọ lára. Onímọ̀ èdè ni ó mọ bí a ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ náà tí ẹni tí ń kà á kò fi ní ṣì í gbọ́. Òǹtẹ̀wé ni ó mọ ohun tí íńkì àti bébà lè gbé, dìsáínà sì ni ó mọ bí ojú ṣe ń rìn lórí bébà náà. Ìyá ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó wà ní ilé ìdáná rẹ̀, òun ni a sì máa ń gbàgbé láti pè jù lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin dìsáínà tí irú iṣẹ́ báyìí bá já lé lọ́wọ́. Pósítà omi iyọ̀ òun ṣúgà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, nítorí pé àṣìṣe inú rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà: bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú omi náà, ó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pe gbogbo wọn jọ kí ẹ tó fa ìlà kankan

Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò ti kọ ọ̀rọ̀ tán, ọ̀gá yóò ti fọwọ́ sí i, wọn yóò wá fi í ránṣẹ́ sí dìsáínà lórí WhatsApp ní alẹ́ pé kí ó bá àwọn mú kí ó rẹwà, kí ó sì ti ṣe tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ ti pàdánù àǹfààní láti béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé àwọn tí ó lè dá yín lóhùn ti kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹ bẹ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá pé kí ó fún yín ní wákàtí méjì pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ìpàdé náà sì jẹ́ ní ilé ìwòsàn gan-an. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí ògiri tí pósítà yóò wà, bí ó ṣe jìnnà tó sí ibi tí àwọn ìyá ń jókòó, àti bí iná ṣe ń tàn sí i. Nọ́ọ̀sì tí ẹ óò pè ni ẹni tí ó ń dá àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá wá, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Kí ìpàdé náà tó túká, ẹ kọ ohun tí olúkúlùkù ní àṣẹ lé lórí sínú ìwé kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni ó ní àṣẹ lórí ìwọ̀n àti ìlànà ìtọ́jú. Onímọ̀ èdè, lórí ọ̀rọ̀ àti àmì ohùn. Dìsáínà, lórí ètò ojú ìwé, àwọ̀ àti bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Òǹtẹ̀wé, lórí bébà àti bí fáìlì yóò ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń san owó, lórí iye owó, iye ẹ̀dà àti ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni lè sọ èrò rẹ̀ lórí ohunkóhun, ó sì yẹ kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Mo ti wà níbi tí kò ti sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú yàrá ni ó yan àwọ̀, òun náà ni ó gé ìlà kan kúrò nínú ìlànà ìtọ́jú kí ọ̀rọ̀ lè gba ojú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé àṣẹ òun ni láti kọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ògbufọ̀ kan

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, ìtàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1925, Otto Neurath dá ilé ìfihàn kan sílẹ̀ ní ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, láti máa fi àwòrán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ìlera àti ọrọ̀ ajé fún àwọn ará ìlú. Àwọn onímọ̀ ń kó iye àti òtítọ́ ọ̀rọ̀ jọ, àwọn ayàwòrán bíi Gerd Arntz sì ń gé àwòrán. Láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ni Marie Reidemeister wà, ẹni tí a wá mọ̀ sí Marie Neurath lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ́tí sí onímọ̀, kí ó yan ohun tí ó yẹ kí ará ìlú mọ̀, kí ó sì fi pẹ́ńsùlù ya bí yóò ṣe rí kí ó tó dé ọwọ́ ayàwòrán. Ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ní yunifásítì, nítorí náà ọ̀rọ̀ onímọ̀ kì í pá a láyà. Ní àwọn ọdún 1950, obìnrin yìí kan náà bá ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣiṣẹ́, ní àsìkò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lórí àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ó ń ṣàlàyé ètò ìjọba fún ará ìlú. Ara wọn ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Ó wá sí ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀, kí àwòrán inú àwọn ìwé náà lè bá ohun tí àwọn òǹkàwé ń rí lójoojúmọ́ mu.

Ipò tí ó dì mú yẹn ni mo pè ní ipò ògbufọ̀. Dìsáínà lè dì í mú, nọ́ọ̀sì tí ó mọ ọ̀rọ̀ là yé ènìyàn náà sì lè dì í mú, kí ó ṣáà jẹ́ ẹnì kan pàtó tí gbogbo yín mọ̀. Ìbéèrè kan ni ògbufọ̀ yóò máa fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò: kí ni ìyá yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Nọ́ọ̀sì lè mú kókó mẹ́rìnlá wá, láti orí ohun tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru títí dé bí omi ṣe ń tán lára ọmọ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ lè ṣe nínú rẹ̀ kò pọ̀: ìyá yóò fọ ọwọ́, yóò wọn omi tí ó mọ́, yóò wọn ṣúgà, yóò wọn iyọ̀, yóò rò wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi yòrò, yóò sì máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Àwòrán mẹ́fà nìyẹn. Ìyókù di ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì yóò fi ẹnu sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ìwọ̀n tí ọwọ́ lè dì mú

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń kọ́ni ni lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a ré orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tí a ré orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ń lò sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó ya ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá kan pé kí ni ó ní nílé tí ó gba lítà kan. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ohun ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí kò ní omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá tí ó wọ́pọ̀ gba 50cl, nítorí náà ọ̀rá méjì jẹ́ lítà kan. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ lítà, ìyá ni ó mọ ọ̀rá omi, dìsáínà ni yóò so méjèèjì pọ̀ nínú àwòrán kan. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní àdúgbò náà kí ẹ tó yà á.

Ṣíbí ni yóò gba àkókò yín jù. Bí ẹ bá ya ṣíbí kan lásán, ìyá yóò bu ṣúgà àti iyọ̀ bí ó ṣe máa ń bù ú nínú ìgbòkègbodò ilé, tí yóò ga gegele. Ẹ ní láti ya ọ̀bẹ tí ó ń ré orí ṣíbí náà dọ́gba, kí ẹ sì yà á tóbi. Ìdajì ṣíbí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí a bá gé ṣíbí sí méjì nínú àwòrán, ó máa ń dà bí ṣíbí tí ó kán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí nọ́ọ̀sì wọn iyọ̀ náà lójú mi, kí ó ré e, kí ó sì fi ọ̀bẹ pín in sí méjì nínú ṣíbí, kí ó da ìdajì kan nù. Mo máa ń ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ láti òkè, láti orí fọ́tò náà ni mo sì ti ń ya àwòrán. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ẹ yà; bí ẹ bá yà á láti inú orí yín, ohun kan yóò ṣáà sọnù.

Níbí ni èdèàìyedè àkọ́kọ́ ti máa ń wáyé. Dìsáínà fẹ́ kí àpò ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun omi iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́, àti èyí tí a ń fi ọwọ́ pò nílé gba ààyè tí ó dọ́gba, kí ojú ìwé lè gún régé. Nọ́ọ̀sì yóò ní rárá: àpò ORS ni ó kọ́kọ́ yẹ ní lílò, ti ọwọ́ wà fún ìgbà tí kò bá sí àpò. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni èyí, àṣẹ nọ́ọ̀sì sì ni, nítorí náà àpò yóò wà lókè, yóò sì tóbi jù. Àwọn àpò kan wà tí ìwọ̀n omi wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà àpò tí ilé ìwòsàn náà ń fún ènìyàn gan-an ni kí ẹ yà. Ní ti síńkì, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ pẹ̀lú ORS, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ọdún 2004 yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí: mílígíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 fún èyí tí ó ti pé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀rọ̀ náà gùn jù fún pósítà. Gbólóhùn kan tó, pé kí ìyá béèrè síńkì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ èdè àti fọ́ǹtì pàdé

Onímọ̀ èdè kọjá ẹni tí ń tún ọ̀rọ̀ kọ nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Òun ni yóò sọ fún yín pé ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kì í ṣe ohun kan náà, pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ti èkejì jáde, àti pé nọ́ọ̀sì yóò fẹ́ kí ìyá tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn kíá. Bí ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí pé ó kúrú, ẹ ti yí ìtọ́jú padà láìmọ̀. Bákan náà ni ti àmì ohùn: igba jẹ́ iye, ìgbà jẹ́ àkókò, igbá sì wà ní ilé ìdáná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì lè bọ́ sínú pósítà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń wọn nǹkan.

Ìṣòro dìsáínà ni pé ẹ̀rọ kì í tọ́jú àwọn àmì wọ̀nyí bí a ṣe rò. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni ẹ̀rọ ń tò lé ara wọn, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ yàn, ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà ni kò mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà kan, mo jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé pélébé kan tí mo ti rí lójú kọ̀ǹpútà mi pé ó dára, àṣé fáìlì náà ti gba fọ́ǹtì mìíràn ní ilé ìtẹ̀wé. Gbogbo àmì orí ọ̀ sún sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, odindi iṣẹ́ náà sì di àtúntẹ̀ lápò mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìlà kan sókè kí n tó yan fọ́ǹtì: Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ ń ǹ ḿ. Gentium, Charis SIL àti Noto Sans máa ń gbé e dáadáa. Ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ onímọ̀ èdè tẹ̀ fúnra yín; ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà ńlá kọ odindi gbólóhùn, nítorí pé àmì orí lẹ́tà ńlá máa ń kọ lu ìlà tí ó wà lókè rẹ̀. Èdè wa ní àmì lókè, ó tún ní lábẹ́, nítorí náà àlàfo àárín ìlà tí ẹ máa ń lò fún Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Bí lẹ́tà bá jẹ́ pọ́ìntì 24, ẹ fún ìlà ní pọ́ìntì 34 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi àwòrán pẹ́ńsùlù hàn

Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé àwòrán pẹ́ńsùlù lọ bá gbogbo ẹgbẹ́. Ojú máa ń ti ènìyàn láti tako iṣẹ́ tí ó ti ń dán, pàápàá bí dìsáínà bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kan ìlà pẹ́ńsùlù. Ẹ má ṣe béèrè bóyá ó dára. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ńlá sí orí àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì fi ọfà so wọ́n pọ̀, nítorí pé ẹni tí kò kàwé lè má bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì bí òǹkàwé ṣe ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bá òǹtẹ̀wé sọ̀rọ̀ kí àwọ̀ tó wọlé

Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti mọ ìtumọ̀ èyí tipẹ́. Ẹnì kan a gé bátànì sára páànù, wọn a fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, aláró a sì rì í sínú ìkòkò aró. Bí ẹni tí ń gé páànù bá gé ìlà tí ó tín jù, ẹ̀kọ kò ní dì mọ́ aṣọ dáadáa, aró yóò sì wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ agbára ọwọ́ ẹni náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dìsáínà àti òǹtẹ̀wé. Kí ẹ tó yan àwọ̀, ẹ lọ sí ilé ìtẹ̀wé, yálà ní Ṣómólú ní Èkó tàbí ní ìlú yín, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n bébà tí ẹ̀rọ wọn gbà. Fún ògiri ilé ìwòsàn, A3, tí ó jẹ́ mílímítà 297 sí 420, ni ó kéré jù tí mo lè gbà. Ẹ fi mílímítà mẹ́ta kún etí kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ ìgéwèé. Ẹ ṣe fáìlì náà ní CMYK, ìyẹn àwọ̀ íńkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, torí pé àwọ̀ RGB tí ń tàn lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣá bí ó bá dé orí bébà, kí fọ́tò inú rẹ̀ sì jẹ́ 300 dpi, ìyẹn àmì tótó 300 nínú ínǹṣì kan. Ọ̀rọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ jẹ́ íńkì dúdú nìkan. Bí ẹ bá po àwọ̀ mẹ́rin pọ̀ láti fi ṣe dúdú, tí bébà sì sún díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, àmì abẹ́ ẹ àti ọ yóò ṣú bàìbàì, iṣẹ́ onímọ̀ èdè yóò sì ṣòfò. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe fi lẹ́tà funfun kékeré sórí àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn, íńkì yóò dí àmì abẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún òǹtẹ̀wé bí iná ilé ìwòsàn ṣe ń tàn sí ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé bébà tí kì í dán ni ó yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò

Ẹ tẹ ẹ̀dà kan péré. Ẹ gbé e kọ́ ògiri ní ọjọ́ tí àwọn ìyá bá wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè ọ̀tọ̀. Ẹ gbé omi inú ọ̀rá, ṣúgà, iyọ̀, ṣíbí tíì, ọ̀bẹ àti abọ́ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa po omi yìí bí pósítà yẹn ṣe wí. Pósítà ni à ń dán wò, kì í ṣe ẹ̀yin.” Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá yóò rò pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún òun, yóò sì máa wo ojú nọ́ọ̀sì. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó dúró sẹ́yìn, kí ó má ṣe tọ́ ọ sọ́nà, kí ẹ sì da gbogbo omi tí wọ́n bá pò níbẹ̀ nù.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá bu ṣíbí tí ó ga gegele, àwòrán ọ̀bẹ yín kò hàn tó. Bí ó bá kọ́kọ́ bu iyọ̀, ọfà yín kò yé e. Bí ó bá dúró pẹ́ níwájú àwòrán kan, ẹ béèrè ohun tí ó ń rò, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ nílò fún àkọlé lè ti jáde níbẹ̀. Ẹ gbé ohun tí ẹ rí padà lọ bá ẹgbẹ́, kí ògbufọ̀ nìkan máa gba àtúnṣe lọ́wọ́ gbogbo wọn, kí fáìlì kan ṣoṣo wà, kí ọjọ́ tí ẹ ṣe é sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹ tún un dán wò pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn títí ìwọ̀n iyọ̀ yóò fi tọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lórí iyọ̀, èmi kì í gbà kí ìyá márùn-ún ṣe é dáadáa kí ẹ̀kẹfà sì ṣì í.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: Ìfọwọ́sí àti fífi fáìlì sílẹ̀

Nọ́ọ̀sì yóò fọwọ́ sí ìwọ̀n, onímọ̀ èdè yóò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀, lórí ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí bébà gan-an, tí wọ́n sì wò ní ojúmọmọ. Fáìlì PDF tí ẹ óò fún òǹtẹ̀wé gbọ́dọ̀ ní àwọn fọ́ǹtì nínú. Bí gbogbo ẹ̀dà bá ti jáde, ẹ fún ilé ìwòsàn ní fáìlì tí a lè tún ṣe, àwọn fọ́ǹtì tí ẹ lò, àwọn fọ́tò ọwọ́ nọ́ọ̀sì, àti ìwé tí ó sọ ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF yí èròjà inú àpò ORS padà, wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ìlànà ìtọ́jú tún lè yí padà lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà náà yóò sì nílò ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.